Kí ló ń ṣe ajá yìí gan-an? Àlàyé ìwà greyhound fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí

Ẹni tó bá ń gbé ní London, Manchester tàbí Dublin á ti rí wọn lójú títì: ajá gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí egungun ìhà rẹ̀ ń hàn, tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ikùn rẹ̀ fà wọnú. Tí òtútù bá mú, wọ́n á ti wọ ẹ̀wù fún un. Òmíràn wà tí wọ́n fi agbọ̀n ike bo ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá, tí a bá pàdé irú ajá bẹ́ẹ̀, ńṣe la máa ń yà sí òdìkejì títì. Lọ́kàn wa, ebi ló ń pa á, tàbí kó jẹ́ pé ó máa ń bu èèyàn jẹ. Ká wá lọ kí ẹnìkan tó ní irú rẹ̀ nílé, ohun tí a máa bá níbẹ̀ ni ajá tó sùn gbalaja sórí àga tó yẹ kí àlejò jókòó sí, tí kò gbó, tí kò dìde, tó kàn la ojú kan wò wá, tó sì tún dì í.

Àwọn tó ń sìn ín pàápàá máa ń dààmú ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni? Kí ló dé tí eyín rẹ̀ ń gbọ̀n? Kí ló dé tó dúró gangan sáàárín ọ̀nà tí kò fẹ́ lọ mọ́? Ìdáhùn tèmi kò gùn. Ibi méjì ni ìwà greyhound ti ń wá: ara tí wọ́n bí mọ́ ọn, àti ọgbà ajá eré ìje tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Èyí tó wá láti inú ara kò ní kúrò, ẹ máa bá a gbé e ni. Èyí tó wá láti inú ọgbà, tí ẹ bá ní sùúrù, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ. Ohun tí mo sì ń rí ni pé àwọn èèyàn ń bá ti àkọ́kọ́ jà, wọ́n sì ń tètè sọ̀rètí nù lórí ìkejì.

Greyhound tó wà nínú ilé lónìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi tí wọ́n bá rà á ní kékeré, ajá eré ìje tó ti fẹ̀yìn tì ni. Amẹ́ríkà ni irú eré ìje tí a mọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Owen Patrick Smith ló ṣe ehoro ẹlẹ́rọ tó ń sáré yí pápá ká, ó sì ṣí pápá sílẹ̀ ní Emeryville, ní California, lọ́dún 1919, kí àwọn ajá lè rí nǹkan lé láìjẹ́ pé wọ́n fi ẹran ààyè ṣe é. Ní July 24, 1926, eré ìje náà dé Belle Vue ní Manchester. Kò pẹ́ rárá tí London náà fi kún fún pápá ajá. Catford, Walthamstow, Wimbledon, àdúgbò tí àwọn èèyàn wa ń gbà kọjá lójoojúmọ́, gbogbo wọn ló ní pápá tiwọn. Ti Catford tì ní 2003, ti Walthamstow ní 2008, ti Wimbledon ní 2017. Ilé gbígbé ló wà lórí ilẹ̀ méjì àkọ́kọ́ báyìí, pápá bọ́ọ̀lù AFC Wimbledon ló sì wà lórí ìkẹta. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ajá náà, Mick the Miller, ará Ireland ni, bí púpọ̀ nínú àwọn tó ń sáré ní Britain ṣe ń ti Ireland wá títí di òní. Ó gba Derby, ìje greyhound tó lókìkí jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1929, ó tún gbà á ní 1930. Nígbà tó kú, wọ́n tọ́jú ara rẹ̀ sínú gíláàsì, ẹ lè lọ wò ó ní Natural History Museum tó wà ní Tring.

Ajá kan kì í pẹ́ lórí pápá. Púpọ̀ nínú wọn á ti kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè lo ọdún méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọdún tó ṣẹ́ kù yẹn ló bí àwọn ẹgbẹ́ tó ń wá ilé fún wọn, bíi Greyhound Trust tó ti wà láti 1975. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Florida dìbò ní 2018 pé kí eré ìje náà kásẹ̀ nílẹ̀, nígbà tí 2020 sì fi máa parí, ó ti tán níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ajá ló ti báyìí di ajá ilé, ilé tí wọn kò wọ̀ rí láyé wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ara wọn ná. Greyhound lè sáré tó kìlómítà 70 ní wákàtí kan, kò sì sí irú ajá mìíràn tó lè bá a dé ìlà. Tó bá ń sáré, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kúrò nílẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀mejì nínú ìfò kan ṣoṣo: nígbà tó bá ká ẹsẹ̀ jọ sábẹ́ ikùn, àti nígbà tó bá na gbogbo ara tán. Àmọ́ eré náà kì í pẹ́. Ìje tó wọ́pọ̀ ní Britain kò ju nǹkan bíi mítà 480 lọ, ajá tó dáńgájíá á sì ti parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Iṣan tó ń gbé e sá jẹ́ irú èyí tó ń tú gbogbo agbára sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń tètè rẹ̀.

Torí náà, ẹni tó rò pé ajá asáré gbọ́dọ̀ máa rìn láti àárọ̀ dalẹ́ ti ṣì í. Kí ẹ mú un rìn díẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ tún mú un rìn díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìyẹn tó fún ọ̀pọ̀ wọn. Ìyókù ọjọ́, oorun ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìsàn. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìròtẹ́lẹ̀, á fò dìde, á gbá ẹ̀yìnkùlé yí ká bíi mélòó kan, koríko á máa fò lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ á ranko. Kò ní tó ìṣẹ́jú kan. Á wọlé, á mu omi, á padà sórí àga.

Ibi oorun yẹn náà la ti rí ohun tó máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín jù. Á dojú ikùn sókè, á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí òfuurufú, ọrùn á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ètè á ṣubú sẹ́yìn kí eyín lè hàn síta. Ó jọ aáyán tí wọ́n fín oògùn pa, àwọn tó ń sin greyhound nílẹ̀ òyìnbó gan-an sì ń fi aáyán pè é. Ẹ má pe dókítà. Ajá tó bá ń bẹ̀rù kì í ṣí ikùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí greyhound tuntun bá kọ́kọ́ sùn báyìí nílé yín, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn.

Jíjókòó ni kò mọ̀. Ẹ pàṣẹ fún ajá mìíràn pé kó jókòó, á jókòó. Greyhound á kàn máa wò yín. Iṣan itan rẹ̀ ki, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kì í fẹ́ kanlẹ̀. Ó lè ṣe é tí wọ́n bá kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kó dúró tàbí kó dùbúlẹ̀, ìyẹn ló bá a lára mu.

Ọ̀rọ̀ pé kò sanra ńkọ́? Aládùúgbò á máa wò yín bí ìkà tó ń febi pa ẹran. Ẹ máa gbójú kúrò. Greyhound tí ara rẹ̀ le, egungun ìhà rẹ̀ mélòó kan tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ hàn díẹ̀, ikùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fà sókè. Tí ẹ bá bọ́ ọ títí gbogbo rẹ̀ fi bò, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ ń ṣe ní ibi. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, irun rẹ̀ kúrú, ọ̀rá tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Wáyà ọgbà tàbí ẹ̀gún tí ajá mìíràn máa fi ara gbún kọjá lè ya ara greyhound débi tí wọ́n á fi rán an. Òtútù náà tètè ń mú un, ìdí ẹ̀wù nìyẹn; kì í ṣe aṣọ oge. Ooru pàápàá kì í bá a lára mu. Ibùsùn tó rọ̀ sì di dandan, torí egungun ìgúnpá rẹ̀ ń kan ilẹ̀ tààrà.

Ohun kan tún wà nínú ara yẹn tí ojú kì í rí, tó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Ẹ̀jẹ̀ greyhound yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ajá mìíràn lọ, ọkàn rẹ̀ tóbi, omi ara tí ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní tairọ́ìdì ń sun sì máa ń kéré nínú èsì àyẹ̀wò láìjẹ́ pé àìsàn kankan ń ṣe é. Dókítà ẹranko tí kò bá mọ̀ wọ́n lè ka èsì yẹn kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àìsàn tí kò sí. Tó bá sì di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ẹ là á yé dókítà pé greyhound ni: àwọn oògùn akunnilóorun kan wà, pàápàá àwọn bíi thiopental, tí ara rẹ̀ kì í tètè bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń pẹ́ kó tó palẹ̀ wọn mọ́, ọ̀rá tí ì bá sì fa díẹ̀ mu kò sí. Èrè kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣá o. Nítorí pé ó ki, tí ti ọ̀pọ̀ wọn sì bá ti ajá mìíràn mu, greyhound wà lára àwọn ajá tí wọ́n máa ń wá tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún ajá tó ń ṣàìsàn.

Wàyí o, ọgbà.

Inú oko ni wọ́n ti ń bí wọn, láàárín àwọn ọmọ ìyá wọn, kí wọ́n tó kó wọn lọ sọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́ṣe. Àkókò oúnjẹ kan náà, àkókò ìrìn kan náà, ajá lọ́tùn-ún, ajá lósì, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn onígíláàsì, kò sí jígí gígùn, kò sí tẹlifíṣàn, kò sí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń hó. Ajá ọmọ ọdún mẹ́rin wá dé inú fúláàtì lọ́jọ́ kan, ẹ sì ń retí kó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kọ́ ni gíláàsì. Á fi imú gbá a. Á rí ajá kan nínú jígí, á lọ wo ẹ̀yìn jígí. Tó bá tẹ táìlì tó ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì kọ̀ láti tún wọ kíṣìnì yẹn mọ́ títí wọ́n fi tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Àtẹ̀gùn ló le jù. Mo ti rí èyí tó fi eré gun un lọ sókè nítorí pé ó ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀, tó débẹ̀ tán, tó wá bojú wolẹ̀, tí itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Obìnrin ilé náà dúró níwájú rẹ̀ kó má bàa já bọ́, ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn, ó ń fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ìgbésẹ̀ tó kàn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbà wọ́n lákòókò kí wọ́n tó dé ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ náà nìyẹn, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Gbígbé e sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè kọ́ ọ, ajá tó tó kílò 30 kì í sì í ṣe ẹrù àgbà.

Ìdúró gangan yẹn náà, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ ń rìn lọ dáadáa, á kàn dúró. Orí sókè, etí sókè, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kanlẹ̀. Ẹ pè é, kò dáhùn. Nígbà míì, ohun tó rí ló pọ̀ jù fún un: ọkọ̀ ńlá, ọmọdé orí kẹ̀kẹ́, àpò ọ̀rá tí atẹ́gùn ń gbé. Nígbà míì, ó fẹ́ gba ọ̀nà ibòmíràn ni, ó sì ti rí i pé tí òun bá dúró pẹ́, ẹ máa gbà fún òun. Ẹ má wọ́ ọ. Ẹ yí i padà díẹ̀ kó rìn yípo kékeré kan, kó gbàgbé, kí ẹ tún máa lọ. Ọrùn rẹ̀ tún fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, okùn ọrùn lásán á yọ lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́. Okùn ọrùn tó fẹ̀, tó ń fún díẹ̀ tó bá fà á, lẹ máa rà.

Tí ẹ bá lọ́mọ nílé, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ọgbà, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ajá tó sùn, àwọn kan nínú wọn sì máa ń sùn tojú-tojú. Ọmọdé á rò pé ajá ti jí, á sáré dì mọ́ ọn, ajá á ta gìrì, á gbó tàbí kó fẹ́ gé e jẹ kó tó mọ ibi tó wà. Kì í ṣe ìkanra. Ẹ kọ́ ọmọ náà kó máa dúró lókèèrè, kó pe orúkọ rẹ̀, kó jẹ́ kí ajá gbé orí sókè kí òun tó sún mọ́ ọn. Ó ń dínkù bí ajá bá ṣe ń mọ ilé, àmọ́ èmi kò ní fi ọmọ kékeré sílẹ̀ pẹ̀lú ajá tó sùn, ì báà jẹ́ irú ajá wo.

Dídá wà nílé tún ń ṣòro fún púpọ̀ wọn, torí pé wọn kò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí kò sí ajá mìíràn níbẹ̀ rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú díẹ̀. Òmíràn kò ní lè dá wà rárá.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ hàn, torí kò jọ ti ajá tí a mọ̀. Kì í fò mọ́ni, kì í lá ojú ẹni títí. Á rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, á sì fi ara tì yín. Díẹ̀díẹ̀ lá máa dá ìwúwo rẹ̀ lé itan yín, ojú rẹ̀ á máa wo ibòmíràn, bí ẹni pé kò mọ̀ sí i. Tí ẹ bá yẹ̀, ó lè ṣubú. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ajá yìí ń ti òun. Rárá o, ó ti gbà yín ni.

Tí inú rẹ̀ bá dùn gan-an, nígbà tí ẹ bá dé láti ibiṣẹ́ tàbí tí ẹ bá mú okùn ìrìn, eyín òkè àti tìsàlẹ̀ á máa lu ara wọn kẹ́kẹ́kẹ́. Ẹ wo ìrù àti etí rẹ̀ nígbà náà: tí ìrù bá ń jù, tí ojú rẹ̀ rọ̀, ayọ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìgbà tó ń jẹun ni, tí itọ́ sì ń dà, ẹ jẹ́ kí dókítà wo eyín náà, torí eyín greyhound tètè ń bàjẹ́. Òmíràn á fi eyín iwájú máa jẹ apá ẹ̀wù yín wẹ́wẹ́, bí ajá ṣe ń wá iná lára ọmọ ìyá rẹ̀. Ó ń ta díẹ̀, àmọ́ oore ló ń ṣe fún yín. Òmíràn máa ń rẹ́rìn-ín, ètè á ká sókè, gbogbo eyín á yọ. Mo mọ àwọn tó ti sá jáde nínú pálọ̀ nítorí ẹ̀rín yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bunijẹ, ara rẹ̀ á le, ojú rẹ̀ á ranjú; elérìn-ín, ìdí rẹ̀ á máa jó. Ìrù wọn sì gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n máa ń fi ayọ̀ jù ú mọ́ ògiri títí tí ṣóńṣó rẹ̀ fi máa bẹ́. Ẹ máa rí ẹ̀jẹ̀ lára ògiri, ẹ máa rò pé olè wọlé.

Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó. Orin ni wọ́n ń kọ: orí á lọ sókè, ẹnu á ká roboto, ohùn gígùn á jáde. Ọ̀kan á dá a, ìyókù á gbè é. Tí ẹ bá ní méjì, àwọn ará òkè yín máa gbọ́. Ti ìsó, ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́.

Ó ku agbọ̀n ẹnu. Gbogbo ajá ló ń wọ̀ ọ́ tí wọ́n bá ń sáré ìje, kí wọ́n má bàa gé ara wọn jẹ nínú ìkọlù. Ó ti mọ́ wọn lára. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, ẹni tó ń sìn wọ́n lè máa lò ó nìṣó nítorí ológbò àti ajá kéékèèké, kì í ṣe nítorí èèyàn. Ojú ni greyhound fi ń ṣọdẹ, imú kọ́. Ohun kékeré tó bá mira lókèèrè, ó ti rí i kí ẹ tó rí i. Àwọn kan ń bá ológbò gbé láìsí ìjà, ẹgbẹ́ tó ń fi wọ́n tọrẹ sì máa ń dán wọn wò kí wọ́n tó sọ irú ilé tó bá wọn mu. Bó ti wù kó rí, ẹ má tú okùn rẹ̀ níbi tí kò ní ọgbà. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, eléyìí tilẹ̀ ti dé ìpẹ̀kun pápá kí fèrè tó dún.

Gbogbo wọn kọ́ ni mo ń sọ. Ìka ò dọ́gba: òmíràn ń tijú débi pé oṣù ń gorí oṣù kó tó wá síwájú àlejò, òmíràn ń wọ ilé onílé bí ẹni tó ń san owó ilé. Orúkọ méjì ni wọ́n sábà máa ń ní, orúkọ pápá tó gùn àti orúkọ kúkúrú tí wọ́n ń pè wọ́n nínú ọgbà. Ẹ lè fún un ní ìkẹta. Àwọn baba wa tó ń sọ ajá lórúkọ tí wọ́n fi ń pòwe sí aládùúgbò, ilé yìí gan-an ni ì bá dùn mọ́ wọn.

Ìwà kan kù tí n kò lè pín sí ti ara tàbí ti ọgbà: wọ́n máa ń kó nǹkan jọ. Bàtà ẹsẹ̀ kan, ìbọ̀sẹ̀, ọmọlangidi ọmọ yín, fìlà bàbá àgbà. Púpọ̀ wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í sì í fà á ya. Wọ́n kàn ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ń sùn, wọ́n á dùbúlẹ̀ tì í. Tí ẹ bá ti wá rìmóòtù títí, kí ẹ tó na ọmọ kankan, ẹ kọ́kọ́ gbọn ibùsùn ajá wò.